Ọkùnrin Tó Ń Dáhùn sí Orúkọ Bàbá Rẹ̀

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó fi jẹ́ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kan péré! Kó jí, kó wọ aṣọ bàbá, kó gba ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn lọ, kí wọ́n pe orúkọ, kó dáhùn, kó fọwọ́ síwèé, kó sì padà sílé wá di ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ sọ nìyẹn, ohun tí òun náà sì gbà nìyẹn. Ta ló mọ̀ pé ọjọ́ kan lè gùn tó ọdún mẹ́fà?

Ó jọ bàbá rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ kí ọmọ jọ bàbá. Iwájú orí kan náà, etí ńlá kan náà tó nà síta bí ẹni pé ó ń wá ọ̀rọ̀ gbọ́, àlàfo kan náà láàrin eyín méjèèjì iwájú. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá rẹ̀ kàn gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án lásán ni, pé kò bá wọn dá sí iṣẹ́ náà rárá. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, àwàdà yẹn kì í pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Ilé ìpamọ ni bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìyẹ di òròmọ, ní ìparí òpópónà kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí kúrò. Yàrá mẹ́ta ni. Nínú yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń to ẹyin sínú kíréètì, tí wọ́n ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú iná tọ́ọ̀ṣì láti wò ó bóyá ìyè wà nínú rẹ̀. Nínú yàrá kejì ni ẹ̀rọ méjì wà. Wọ́n ga bí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, wọ́n ń móoru, wọ́n ń kùn hùn-ùn tọ̀sán-tòru, inú wọn lẹyin sì ń sùn sí fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Yàrá kẹta làwọn òròmọ ti ń jáde. Bí èèyàn bá gbé etí lé ẹyin ní ọjọ́ kọkàndínlógún, háà! á gbọ́ wọn nínú lọ́hùn-ún tí wọ́n ń kan èèpo, kò, kò, kò, bí ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí fún òun.

Ká sọ tòótọ́, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu níbẹ̀ tó láti pa ilé iṣẹ́ náà rẹ́ láàrin oṣù kan. Ìjọba ló ń bá wọn gbé apá kan ẹrù yẹn. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń pè é: ìjọba á san án fún ilé ìpamọ, ilé ìpamọ á wá ta òròmọ ní ẹ̀dínwó fáwọn tó ń sin adìyẹ. Kò sì sí ẹni tí kì í sin adìyẹ ní òpópónà yẹn. Aránṣọ ní àgọ́ adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Jórinjórin ní tiẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní méjì, ó sì ń wá àyè ìkẹta. Àmọ́ òfin kan wà: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ àyẹ̀wò, kó fojú hàn, kó dáhùn. Bó bá ti kú, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ìrànwọ́ á dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí wọn ò ti gba orúkọ tuntun mọ́.

Bàbá wá lọ kú nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò ku ọjọ́ mẹ́rin.

Orí àga onígi ló kú sí, láàrin ẹ̀rọ méjèèjì, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Iná tọ́ọ̀ṣì náà ṣì ń tàn. Ọmọ rẹ̀ wọlé, ó rí i tó fi etí ti ara ẹ̀rọ, ó rò pé ó ń gbọ́ ohùn ẹyin ni. Ó tiẹ̀ yọ́ ẹsẹ̀ rìn kó má baà dí i lọ́wọ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń to kíréètì, tó ń bá bàbá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nípa dísù, kó tó yé e pé ẹni tó ń gbọ́ ẹyin kì í dákẹ́ tó báyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú ìwé ilé iṣẹ́ náà. Ìyá Fáìlì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí fáìlì aláwọ̀ ewé kan tí kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀. Wọ́n ní ó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó rí, ó sì gba àga lọ́tọ̀ fún un. Òun ló lọ gba ìwé ìsìnkú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni ọ́fíìsì méjèèjì wà: ẹnu ọ̀nà kejì ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bí àtàwọn tó kú, ẹnu ọ̀nà kẹfà ni ètò ọ̀gbìn. Láràárọ̀ sì ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kejì máa ń lọ mu tíì lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kẹfà, tí wọ́n á jọ sọ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló kú, ìyá?" akọ̀wé bi í.

Ìyá Fáìlì la ẹnu, orúkọ ọmọ ló jáde.

Ẹ rò ó wò! Kò lè dá orúkọ kankan sọ lásán, torí wọ́n á ní kó mú káàdì olóògbé wá. Ìdílé yẹn ò sì ju mẹ́rin lọ: òun, àbúrò rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀, àti ìyàwó ọmọ náà tó lóyún oṣù méje. Ọkùnrin kan ló kú, ọkùnrin kan ló gbọ́dọ̀ wọ ìwé. Káàdì ọkùnrin méjèèjì ló wà nínú fáìlì. Ó yọ ọ̀kan.

"Ìyá, ẹ ní mo kú?" ọmọ bi í nígbà tó délé.

"Lórí ìwé ni. Ṣé ìwé lo fi ń mí ni?"

"Ìyá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Jẹ́ kí owó ọdún yìí wọlé, ká rí ti àwọn ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ ṣe. Tó bá yá, màá padà lọ sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Arúgbó ni mí, ẹ̀rù ọ̀fọ̀ bà mí, mo fa káàdì yọ láìwò. Ta ló máa bínú sí arúgbó? Wọ́n á tún un kọ."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ní ìtẹ́ òkú, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gba ìwé, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sára pákó. Ọmọ dúró tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń kọ òun ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ sunkún bàbá rẹ̀. Ẹkún náà gbéra, ó dé ọ̀fun, àmọ́ orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ sun ún fún. Ẹkún náà dúró síbẹ̀. Kò tíì jáde títí dòní.

"Kí ni olóògbé jẹ́ sí yín?" ẹni tó ń kọ ọ́ bi í.

Ó ronú títí. "A sún mọ́ra," ló fèsì.

Ọdún àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ó wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ bàbá, wọ́n pe orúkọ, ó dáhùn, akọ̀wé kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó fara wé bí bàbá ṣe ń fọwọ́ síwèé, ìlà kan tó rọ́ bí okùn, ó sì bá a mu. Owó ìrànwọ́ wọlé. Ìyàwó bímọ, obìnrin. Nígbà tí Ìyá Fáìlì máa fi lọ tún orúkọ ṣe, ó ku oṣù mẹ́rin kí ọjọ́ àyẹ̀wò tún pé. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan yìí kún un.

Àwọn ará òpópónà ló bá wọn múra sílẹ̀ fún ìkejì. Aránṣọ ló dá a lábàá pé kí gbogbo èèyàn máa fi orúkọ bàbá kọ́ ẹnu, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í pè lójú àwọn olùyẹ̀wò. Bàbá Olóròmọ ni ìnagijẹ bàbá. Wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

"Bàbá Olóròmọ! Ẹ káàárọ̀ o, bàbá!" Jórinjórin, tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ títì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde jọ̀ọ́, eruku ti bo yín."

"Ta lẹ̀gbọ́n rẹ? Ṣé bí bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Dá mi lóhùn bí àgbà!"

"Ìwọ ọmọ yìí, dìde ńlẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti ń mọ́ ọn lẹ́nu! Bàbá, ẹ fún mi lówó ẹ̀kọ́ ilé ìwé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí aránṣọ fi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Àwàdà ni. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di ọdún, nítorí ó rọrùn ká máa pe èèyàn ní ohun kan náà nígbà gbogbo ju ká máa yí i padà lọ. Ní ọdún kẹta, ó ṣàkíyèsí pé jórinjórin kì í rẹ́rìn-ín mọ́ tó bá dọ̀bálẹ̀. Ó ń kí i ni. Ó ń kí i tọkàntọkàn. Ní ọdún kẹrin, kò wọ́n ìyẹ̀fun sí irùngbọ̀n mọ́. Funfun náà ti ń hù fúnra rẹ̀.

Ikọ́ ló wá tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ ní bó ṣe ń wúkọ́: kúkúrú méjì, ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹyọ kan tó gùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó nìkan wà láàrin ẹ̀rọ méjèèjì, ó gbọ́ ikọ́ náà ketekete. Ara rẹ̀ bù máṣọ. "Bàbá?" ló wí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rọ ń kùn. Ìgbà tó gbé ọwọ́ kan ọ̀fun ló rí i pé ibẹ̀ ń ta á. Òun fúnra rẹ̀ ló wúkọ́. Kì í ṣe pé bàbá wà nínú yàrá náà ló dẹ́rù bà á. Bó bá jẹ́ ìyẹn, ì bá fọ̀yàyà kí i, ì bá bi í léèrè ohun púpọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà á ni pé bí bàbá bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, kì í sì í ṣe òun.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn fi kọ́ ẹnu. Ní tirẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló ń fi í ṣe. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á yọjú sí yàrá ẹ̀rọ: "Olóògbé, ẹ dìde ẹ wá jẹun o, ọ̀run ò jìnnà!" Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bèèrè àlàáfíà, á ní, "Èmi opó tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun bí jẹnẹrétọ̀? Mo wà dáadáa."

Àmọ́ kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé fọ́ọ̀mù ilé ìwé síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ wọn ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́fà, wọn ò sì tíì gba ìwé ìbí fún un. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti yanjú. Ilé ìwé wá ní àwọn ò gba ọmọ tí kò níwèé.

"Ẹ bá mi kọ ọ́," ló wí, ó na bírò sí i. "Ẹ̀yin lẹ kàwé jù."

Ó kọ orúkọ ọmọ. Ó dé ibi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ bàbá.

"Ṣé kí n kọ orúkọ bàbá síbẹ̀?" ló sọ láìronú.

"Bàbá ta?"

Ó gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó," ìyàwó wí. "Bí mo bá kọ orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń dáhùn sí lọ́fíìsì, bàbá ọkọ mi ló fún mi lóyún nìyẹn. Ọmọ tí mo bí di àbúrò yín. Èmi wá di kí ni? Ìyá yín? Ó yá, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí mi!"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mi ò ṣeré mọ́," ìyàwó wí. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣeré. Ọmọ mi ò ní jẹ́ orúkọ ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ọ̀tunla lọjọ́ àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá pe bàbá yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ wá gba orúkọ yín padà, kí ọmọ yín rí nǹkan jẹ́."

"Òpópónà ńkọ́? Ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ọmọ yín ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà wọ yàrá àkọ́kọ́, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì rọra pe orúkọ ara rẹ̀ síta láti gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì. Ó pinnu pé òun ò ní dáhùn.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Onírúurú oníṣẹ́ ọ̀gbìn ló jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn tó ń sin ẹja, àwọn tó ń lọ àgbàdo, àwọn tó ń ta irúgbìn, kálukú ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ nítorí fáànù òkè ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn. Ìyá Fáìlì jókòó tì í, fáìlì lórí itan. Ọkùnrin náà ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀. Ó di eyín mọ́ra. Wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà kẹfà. Wọ́n pe orúkọ bàbá rẹ̀.

"Mo wà!"

Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kí òun tó mọ̀. Ṣé ẹ rí ohun tí ọdún mẹ́fà ń ṣe fún ara?

Olùyẹ̀wò tuntun ló bá nínú yàrá, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó dìde dúró láti fún un ní àga.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ní ìròyìn ayọ̀ fún yín o! Òfin ti yí padà. Ẹni tó bá ti ń dàgbà lè fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò ara rẹ̀ nínú ìwé wa. Ẹ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìrànwọ́ ò ní dáwọ́ dúró, ẹ ò sì ní máa wá jókòó nínú ooru yìí mọ́. Ṣé ẹ ní ọmọ?"

Ọkàn rẹ̀ fò sókè bí ẹyẹ. Àṣé ó rọrùn tó báyìí! Kò ní pa òpópónà lára, kò ní pa ẹyin kankan lára, á kàn fi ara rẹ̀ rọ́pò ara rẹ̀, á sì jáde ní ẹnu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

"Mo ní," ló wí. "Ọkùnrin kan." Ó sọ orúkọ náà. Ó sọ ọ́ dáadáa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Olùyẹ̀wò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Háà. Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Kò yẹ kí n bèèrè." Ó yọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. "Mo rí i níbí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ kú ọ̀fọ̀, bàbá. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré! Ẹ ò ní ọmọ mìíràn?"

"Kò kú."

"Bàbá..."

"Èmi ni ọmọ náà. Bàbá mi ló kú. Káàdì mi ni wọ́n mú wá dípò tiẹ̀. Ẹ wò mí dáadáa, mi ò tíì pé ogójì ọdún!"

Olùyẹ̀wò wò ó. Ó wo irùngbọ̀n funfun, ó wo aṣọ àgbà, ó wo fọ́tò tó wà nínú ìwé àti ìlà tó rọ́ bí okùn lábẹ́ rẹ̀, ọdún kan lórí ọdún kan. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ikọ́ sì gbé e: kúkúrú méjì, ìdákẹ́jẹ́, ẹyọ kan tó gùn. Àánú kún ojú olùyẹ̀wò.

"Ìyá mi náà ṣe báyìí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, òun ló máa ń dáhùn. Ó ń kọjá lọ, bàbá. Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ẹ pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé. Ó wà lórí bẹ́ńṣì níta. Ẹ bi í!"

Olùyẹ̀wò ṣílẹ̀kùn, ó pe Ìyá Fáìlì. Arúgbó náà wọlé, ó dúró láàrin àwọn méjèèjì pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Bó bá sọ òótọ́, owó lè bọ́, ọlọ́pàá lè dé pàápàá, àmọ́ òun á wà láàyè. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, ẹ má bínú," olùyẹ̀wò wí. "Ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Àbúrò mi," Ìyá Fáìlì dáhùn. "Òun ni ìyá mi bí tẹ̀ lé mi. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí."

"Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni ọmọ wọn tó kú."

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Arúgbó náà sún mọ́ ọn, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. "Ikú ọmọ yẹn dùn ún gan-an ni. Ó dun gbogbo wa."

Olùyẹ̀wò fa ìwé àyẹ̀wò jáde, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà, ó sì fi bírò sí i lọ́wọ́. Ó fọwọ́ sí i. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Níta, lẹ́yìn ilé náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ wọn, ó di ọwọ́ Ìyá Fáìlì mú. "Ìyá, kí lẹ ṣe sí mi yẹn?"

"Jẹ́jẹ́, ṣé o ti jẹun?" arúgbó náà wí. "O ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Bó o ṣe máa ń ṣe náà nìyí."

Ọwọ́ rẹ̀ tú. Jẹ́jẹ́ ni orúkọ tí Ìyá Fáìlì fún àbúrò rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, torí pé kì í sunkún. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òun. Àwọn ará òpópónà ò mọ̀ ọ́n, wọn ò sì fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dúró kí arúgbó náà ṣẹ́jú sí òun, kó rẹ́rìn-ín, kó sọ pé nítorí owó ni. Kò ṣẹ́jú. Ó ń wò ó bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń wo àbúrò tó ti rù. Nígbà náà ló wá yé e. Lọ́dọọdún ni Ìyá Fáìlì ń lọ sí ibojì, tó ń fi orúkọ òun sunkún títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ó ti rò pé nítorí ojú ayé ni, kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ má baà fura. Ẹkún gidi ni. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló kú. Àbúrò rẹ̀ kò kú rí.

Ọkùnrin náà sìn ín délé, ó bu omi fún un mu, kò sì tún bi í ní nǹkan mìíràn.

Nígbà tó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà kò ṣẹ̀fẹ̀, kò pariwo. Ó jókòó sórí ìdérí kíréètì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ wọn ń sáré kiri lágbàlá, ó ń lé òròmọ kan tó bọ́.

"Fún mi ní fọ́ọ̀mù yẹn," ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn.

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi orúkọ bàbá. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bèèrè bóyá bàbá wà láàyè tàbí ó ti kú, àpótí kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàwó sáré fi ọwọ́ bò ó.

"Ẹ má kọ ọ́."

"Ṣé kó jẹ́ orúkọ mi, tàbí kó má jẹ́ ẹ?"

"Kó jẹ́ ẹ."

"Ibi tí orúkọ náà wà nìyẹn."

Ó gbé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ẹyin, ó sì fa ìlà sínú àpótí kejì. Ó wá yà wọ́n lẹ́nu bí gbogbo rẹ̀ ṣe bára mu. Ọkùnrin kan kú nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ pé oṣù méje. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n bí ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kejì kọ ìwé ìbí náà fún ìyàwó láìbéèrè ohunkóhun. Ó tiẹ̀ bá a dárò. Ó ní Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, òun fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ lọ. Ìyá ọmọ ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ fúngbà pípẹ́ lálẹ́ àná, pé kó má pe bàbá rẹ̀ ní bàbá nílé ìwé, ọmọ náà sì ti gbọ́, àfi bí ẹni pé eré kan tó ṣòro ni. Ní ẹnu géètì, tíṣà gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn, ó kà á, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú o. Bàbá bàbá rẹ̀ lẹ jẹ́?"

"Èmi ni," ló wí.

Ọmọ gbójú sókè wò ó. Ó fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tú u sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé tíṣà wọlé pẹ̀lú báàgì tó fẹ́ tóbi jù ú lọ.

Ó yẹ kó padà sílé. Ẹyin ń dúró dè é. Àmọ́ ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ó dúró sábẹ́ fèrèsé kíláàsì, níbi tí wọn ò ti ní rí i. Àwọn ọmọ ń fa àga, wọ́n ń wá àyè jókòó. Tíṣà ní kí wọ́n dákẹ́, ó ní òun fẹ́ pe orúkọ. Ó pe ẹni àkọ́kọ́. Ó pe ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn, ketekete, nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, orúkọ tí àlejò kankan kò tíì pe alààyè ní láti ọdún mẹ́fà.

Ó la ẹnu. Èémí ti dé ètè.

"Mo wà níbí, mà!" ohùn kékeré kan wí nínú ilé.

Ó pa ẹnu dé. Tíṣà ti ń pe ẹlòmíràn.